Òmìrán 16: Àgbéyẹ̀wò Mi lórí Shadow of the Colossus fún PS4

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ẹ ó ti pa ọmọ ogun kéékèèké títí yóò fi sú yín kí ẹ tó kan ọ̀gá wọn, ìyẹn boss. Géèmù yìí kò ní ọmọ ogun kankan. Òmìrán 16 ló wà níbẹ̀, ìjà 16, ó parí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Wander, gbé òkú ọmọbìnrin kan wọ ilẹ̀ èèwọ̀. Ohùn kan sọ fún un pé bó bá lè pa àwọn òmìrán náà tán, ọmọbìnrin náà lè jí. Idà, ọrun, ọfà àti Agro ẹṣin rẹ̀ nìkan ló ní. Fumito Ueda àti ikọ̀ rẹ̀ ní Japan ló kọ́kọ́ ṣe é fún PS2, ẹ̀rọ géèmù PlayStation ìgbà yẹn, ní 2005. Àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ Bluepoint ṣe fún PS4 ní 2018 ni mo gbá.

Ní tèmi o, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ kọ́ ló ń mú ìjà pẹ̀lú boss dùn. Èyí tí ẹ ó máa gé lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ tí kò ní kú, làálàá lásán ni. Ìjà tó dùn dà bí àlọ́ àpamọ̀: ìdáhùn ti wà nínú ohun tí wọ́n fi hàn yín, ó kù kí ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ wo òmìrán kẹta. Idà òkúta gbọ̀ǹgbọ̀nràn ló mú dání. Bó bá ti fi í gbá ilẹ̀, ẹ lè sáré gun idà náà dé ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ ìhámọ́ra tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ kò ní irun tí ẹ lè dì mú, ẹ ó sì já bọ́. Ṣùgbọ́n àwo líle kan wà nílẹ̀ nínú pápá ìjà náà. Ẹ lọ dúró lé e, ẹ jẹ́ kó bínú sí yín níbẹ̀, kí ẹ sì tètè yẹ̀. Idà rẹ̀ á bọ́ lu àwo yẹn, ìhámọ́ra á fọ́, ọ̀nà là nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo pariwo! Agbára òmìrán náà gan-an ni mo fi ṣẹ́gun rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa gun àwọn òmìrán náà tún jẹ́ ìjà lọ́tọ̀. Ẹ ó di irun ara wọn mú, àmì róbótó kan á sì máa fi hàn bí agbára ọwọ́ Wander ṣe ń tán lọ. Bẹ́ẹ̀ bá gbé idà sókè díẹ̀ kí ẹ tó gún òmìrán, idà á wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n òmìrán náà lè gbọn yín dànù kó tó dìgbà náà. Àyà mi kì í balẹ̀ níbẹ̀, ohun tí mo sì ń wá nìyẹn.

Ìkẹtàlá ni mo fẹ́ràn jù. Ó gùn lọ réré, ó ń fò lókè aṣálẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ ó ta ọfà sí àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ á máa wọ́ yanrìn. Ìgbà yẹn ni ẹ ó fi Agro sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹ ó fò láti orí ẹṣin sórí rẹ̀. Orin tí Kow Otani kọ fún géèmù náà á yí padà lójijì, ara á sì bù mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣubú, tí orin náà di ti ọ̀fọ̀, ó dùn mí gan-an. Kí ló ṣe fún wa?

Kò pé tán o. Ẹ̀rọ ayàwòrán inú géèmù a máa kọjú síbi tí ẹ kò fẹ́, òmìrán kọkànlá, tó wà lára àwọn tó kéré jù, á sì tún kàn yín kí ẹ tó dìde. Iná ló ń bẹ̀rù. Ẹ wá igi, kí ẹ tàn án.

Ẹ fi ìpele Normal bẹ̀rẹ̀. Ní Hard, ìpele tó le jù, ojú ibi tí ẹ máa gún lára wọn á pọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín ti mọ́ ọn ná.