Kò tíì darúgbó, àyè ni kò tó o: RAM tí mo fi kún ThinkPad T480 mi

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bínú sí laptop yìí láìmọ ohun tó ń ṣe é. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe. Bí mo bá ti ṣí Word, tí mo ṣí ojú ewé bí ogún lórí Chrome nítorí ọ̀rọ̀ tí mò ń wá, tí oníbàárà tún wá pè mí lórí Zoom, ó parí nìyẹn. Mo lè tẹ gbólóhùn kan tán kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹni tó bá ń fi àmì sórí Yorùbá nìkan ló lè mọ irú ìyà tí mò ń wí.

ThinkPad T480 ni, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà: Core i5 ìran kẹjọ, SSD 256GB (ibi tó ń tọ́jú fáìlì pa mọ́ sí), RAM 8GB (ibi tó ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí). Mo ti ń tu owó jọ láti ra òmíràn kí àbúrò mi ọkùnrin tó ní kí n tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí n lọ wo ibi tí wọ́n kọ Memory sí, ìyẹn RAM náà. 93% ni mo bá níbẹ̀, mi ò sì tíì ṣí Zoom. Ó ní kí n wo ìsàlẹ̀ díẹ̀: "Slots used: 1 of 2". Ihò méjì ni wọ́n ṣe fún RAM nínú T480, ọ̀kan péré ló ní nǹkan nínú. Gbogbo ìgbà tí mò ń sọ pé kọ̀ǹpútà mi ti gbó, àyè wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lò.

RAM dà bí àtẹ tí ọlọ́jà ń pa sí ojú ọ̀nà, SSD sì ni yàrá ẹ̀yìn tó ń kó ẹrù sí. Bí àtẹ bá kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sẹ́yìn, á tún sáré lọ gbé e wá bí a bá bèèrè rẹ̀. Lílọ-bíbọ̀ yẹn ló ń jẹ àkókò mi.

8GB míì ni mo lọ rà, ₦24,000. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. PC4-2400 ni T480 ń lò: DDR4 ni irú RAM náà, 2400 sì ni eré rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2666 tàbí 3200, ó máa ṣiṣẹ́, àmọ́ eré 2400 náà ló máa sá. Èyí tí wọ́n bá kọ PC3L sí, DDR3L nìyẹn, irú ti àtijọ́. Ibi tí wọ́n gé lára rẹ̀ yàtọ̀, kò lè wọlé. Ẹ má fi agbára tì í.

Fífi í sínú kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bátìrì méjì ni T480 ní, ọ̀kan wà nínú, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ti inú: ẹ tẹ F1 bó ṣe ń tàn, ẹ lọ sí Config, Power, kí ẹ yan Disable Built-in Battery. Yóò kú fúnra rẹ̀. Ẹ yọ bátìrì ìta, ẹ tú síkúrù mẹ́fà ìdí rẹ̀ (wọn kì í jábọ́, ara ìdérí ni wọ́n ń wà), kí ẹ wá fi káàdì ATM àtijọ́ ṣí etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi yá jù níbí, mo ṣẹ́ eyín kan lára ìdérí náà, ó sì dùn mí. Àsìkò ọyẹ́ ni, nítorí náà mo fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé kí n tó fọwọ́ kan RAM. Iná kékeré tó ń ta wá lára bí a bá ń bọ́ aṣọ lálẹ́ lè bà á jẹ́. Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tì í wọ ihò, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́!" ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Mo tẹ bọ́tìnnì, kò tàn. Àyà mi já. Àṣé bí ẹ bá ti pa bátìrì inú, àfi kí ẹ kọ́kọ́ ki ṣájà bọ̀ ọ́.

Ó fi 16GB hàn, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ojú rẹ̀ di búlúù lẹ́ẹ̀mejì, bí Windows ṣe máa ń ṣe tó bá dákú. Mo fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sórí fíláàṣì, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tí mo jí, àṣìṣe pupa ló kún ojú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ti sọ pé, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí wàhálà," ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé, ó ní èmi ni mo bà á jẹ́. Nọ́ńbà ara RAM náà tí mo ní kó kọ sórí rìsíìtì, pẹ̀lú "ọjọ́ méje fún ìdánwò" tó buwọ́ lù, ló gbà mí. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì la ìdánwò náà já láìní àṣìṣe kankan.

Oṣù kẹrin rèé. Iṣẹ́ kan náà, 58% ló ń jẹ báyìí. Fídíò Zoom kò já mọ́, nítorí ẹ̀rọ àwòrán inú rẹ̀ kò ní RAM tirẹ̀, ara èyí ló ń yá lò, àti pé RAM méjì tó dọ́gba ń jẹ́ kó lè ka méjèèjì pọ̀. Títàn rẹ̀ láàárọ̀ kò yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bátìrì kò sì pẹ́ sí i. Bó bá jẹ́ hard disk oníyípo ló ṣì wà nínú tiyín, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé owó mi kò ṣòfò ni pé T480 oní Core i5 ìran kẹjọ bíi tèmi wà lára àwọn tí Windows 11 gbà, láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025.

Àbúrò mi obìnrin rí i, ó gbé ThinkPad X280 tirẹ̀ wá pé kí n bá òun náà ṣe é. Mi ò tilẹ̀ tú síkúrù kan. Wọ́n ti fi òjé lẹ gbogbo RAM tirẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù láti ilé iṣẹ́, bíi ti ThinkPad X1 Carbon. Ti T480s, tó jẹ́ lẹ́tà kan ló fi yàtọ̀ sí tèmi, apá kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. 8GB tó wà nínú X280 náà nígbà tí àbúrò mi rà á ni yóò máa lò títí yóò fi tà á.