Toyota Prius àti Nissan Leaf: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Tòkunbọ̀

Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí kò ní máa mu epo bí omi kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ méjì yìí. Prius, tí Toyota gbé jáde ní Jàpáànù ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ní ẹ́ńjìnnì epo àti mọ́tò iná pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi iná sínú bátìrì rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Leaf, tí Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Iná tí ẹ bá fi sínú bátìrì rẹ̀ nìkan ló ń gbé e rìn. Ẹni tó ra èyíkéyìí nínú wọn lónìí ń ra ìpinnu tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, yálà ìpinnu ọ̀hún dára tàbí kò dára.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ni kí a mú ṣáájú, torí ibẹ̀ ni owó wà. Nissan pinnu pé òun kò ní fi omi tàbí fáànù tu bátìrì Leaf. Atẹ́gùn tó bá ń kọjá lábẹ́ ọkọ̀ ni kó máa tù ú. Ní ọdún 2012, àwọn tó ra Leaf ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an, bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé agbára bátìrì ọkọ̀ àwọn ń lọ sílẹ̀ kí ó tó pé ọdún méjì. Ní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ náà ṣèlérí pé àwọn yóò tún bátìrì ṣe bí ìlà agbára rẹ̀ tó ń hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò bá tó 9 mọ́ nínú 12 láàárín ọdún 5 tàbí máìlì 60,000. Ìlérí yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ ìgbà náà, àṣìṣe inú iṣẹ́ náà sì wà lára wọn síbẹ̀, àní ìran kejì pàápàá jogún rẹ̀. Ìran kẹta, tí wọ́n fi hàn ní ọdún 2025, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi tù. Ooru wa kò le tó ti Arizona lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò ní ìgbà òtútù tí bátìrì lè fi sinmi.

Bátìrì Prius kéré sí ti Leaf púpọ̀, fáànù tó ń fa atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn ló sì ń tù ú. Ẹ yẹ ihò atẹ́gùn náà wò kí ẹ tó sanwó, nítorí pé bí eruku tàbí irun ajá ẹni tó kọ́kọ́ lò ó bá ti dí i, bátìrì á máa gbóná jù. Ẹ̀yà 28 ló para pọ̀ di bátìrì ìran kejì àti ìkẹta, ẹni tó mọ iṣẹ́ sì lè pààrọ̀ èyí tó kú nínú wọn. Àléébù ìran kẹta, ti ọdún 2010 sí 2015, wà lára ẹ́ńjìnnì: tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń jó, omi á sì máa wọnú ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ náà bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tan án ní òwúrọ̀, ẹ má rà á.

Ní ti owó ìrìnnà, ìṣirò náà lè ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Leaf ìran kejì ń lo nǹkan bí yúníìtì iná 19 fún kìlómítà 100. Prius ìran kẹta ń mu epo tó tó lítà 4.7. Bí yúníìtì kan lórí Band A bá jẹ́ ₦209, tí lítà epo sì jẹ́ ₦900, Leaf yóò ná yín ní nǹkan bí ₦4,000, Prius yóò sì ná yín ní nǹkan bí ₦4,200. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó owó ọ̀sán. Ẹni tó bá wá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì ọkọ̀ ti sọ gbogbo èrè náà nù. Ẹni tó ní sólà tó lágbára lórí òrùlé, tó sì máa ń wà nílé ní ọ̀sán, ni Leaf yóò pa owó mọ́ fún.

Ibi tí ọkọ̀ lè rìn dé kò gba àlàyé púpọ̀. Leaf ọdún 2011, nígbà tó ṣì wà ní tuntun, ń rin kìlómítà 117 nípa ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, òpópónà Èkó sí Ìbàdàn sì tó nǹkan bí 127. Ti ọdún 2018 ń rin 243. Ojú ìfinásí kíákíá tí Nissan yàn, CHAdeMO, ni ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ mọ́. Ford àti General Motors yan ti Tesla ní ọdún 2023.

Wọ́n bú Akio Toyoda, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Toyota títí di ọdún 2023, pé ó ń lọ́ra láti fi ọkọ̀ epo sílẹ̀. Lójú tèmi, ìlọ́ra yẹn ṣe olùra tòkunbọ̀ lóore, nítorí ó mú kí ọkọ̀ tí kò béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pọ̀ lọ́jà. Prius ni màá ní kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rà. Bí ó bá jẹ́ Leaf lẹ fẹ́, ẹ mú ti ọdún 2018 sókè, ẹ má sì gba ìlà 12 ojú dáṣíbọ́ọ̀dù gbọ́ lásán, nítorí àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń tún un tò kí ó lè dà bíi tuntun. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní áàpù LeafSpy àti ẹ̀rọ tó ń so ó mọ́ ọkọ̀ yẹ bátìrì náà wò, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà jìnnà díẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà.