Ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE ti Toyota: ọdún mẹ́fà tí mo ti ń wọn ọ́ìlì rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ra ọkọ̀ náà ni mo fa géèjì ọ́ìlì yọ, tí n kò rí ọ́ìlì kankan lẹ́nu rẹ̀. Mo nù ún, mo tì í padà, mo tún fà á. Ó gbẹ. Kò sí iná pupa tó tàn níwájú mi ní gbogbo ọ̀nà tí mo rìn lọ́jọ́ náà, ẹ́ńjìnnì kò pariwo, kò gbọ̀n, èéfín kò sì jáde. Ká ní mo fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì sí i ni, ẹ́ńjìnnì tuntun ni ǹ bá máa wá.

2AZ-FE ti Toyota ni ẹ́ńjìnnì náà. Òun ló wà nínú Camry 2.4 láti 2002 títí dé 2009, nínú Solara, nínú RAV4, nínú Highlander onísílíńdà mẹ́rin àti nínú Scion tC. Ti 2007 ni tèmi. Mo ti wà á fún ọdún mẹ́fà báyìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra ọkọ̀ tó ní in láì mọ ohun tó máa ń bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Sílíńdà mẹ́rin ló tò lórí ìlà kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,362 cc. Ihò sílíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 88.5 mm, písítìn sì ń rìn 96 mm nínú rẹ̀. Fáàfù 16 ni, káǹṣáàfù méjì, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ló wà lórí, VVT-i, ohun tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, sì wà lára èyí tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù, irin ni wọ́n fi tẹ́ inú ihò sílíńdà. Agbára ẹṣin 158 ló ń mú jáde nínú Camry ti 2007 tó bá ń yí ní 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, agbára ìyí rẹ̀ sì jẹ́ 218 Nm ní 4,000. Ìfúnpọ̀ rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ nínú sílíńdà, jẹ́ 9.8 sí 1. Nínú àwọn ti ìṣáájú, 9.6 ni. Nítorí náà, kò béèrè fún epo bẹntiróòlù àkànṣe, epo tí gbogbo ọkọ̀ ń mu náà ló ń mu.

Kò yára bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, kò sì díbọ́n pé òun yára. Ṣùgbọ́n tí èèyàn márùn-ún bá jókòó sínú ọkọ̀, tí ẹrù kún ẹ̀yìn, tí ẹ sì ń gun òkè, á fà yín láìsí pé ẹ ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń bá a jà. Ọ̀pá méjì tó ń dín gbígbọ̀n kù wà nísàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dákẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan. Mo ti gbé ife omi lé ìdérí ẹ́ńjìnnì tèmi nígbà tó ń ṣiṣẹ́, omi náà kàn ń wárìrì díẹ̀ ni.

Ohun míì tí mo fẹ́ràn ni pé ṣéènì ló ń yí táímíìnì rẹ̀, ìyẹn káǹṣáàfù tó ń ṣí fáàfù, kì í ṣe bẹ́líìtì. Kò sí ọjọ́ tí ìwé ọkọ̀ dá pé kí ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọ́ìlì ni ṣéènì náà ń gbé. Ẹni tó bá ń jẹ́ kí ọ́ìlì dọ̀tí, òun fúnra rẹ̀ ló ń pa ṣéènì náà.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé. Nígbà tí mo rí géèjì tó gbẹ, mo tú ìyókù ọ́ìlì náà sínú ike kan, mo sì wọ̀n ọ́n. Lítà 4.3 ló yẹ kó wà nínú ẹ́ńjìnnì ti 2007 tí ẹ bá pààrọ̀ fílítà pọ̀. Èyí tó jáde kò ju lítà méjì àti ìlàjì lọ. Ó ki, ó dúdú, ó ń fà bí ọ̀dà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ti bu ọ́ìlì tó ki jọjọ sí i kí ẹ́ńjìnnì má bàa tú èéfín lójú mi. Mo bi í lórí fóònù, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, torí pé ẹni tó bá ta irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tó sì dákẹ́ ti fi owó àti ẹ̀mí ẹlòmíràn tafàlà.

Kì í ṣe ọkọ̀ tèmi nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, ohun tí Toyota fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ ni. Ní 2011 ni ilé-iṣẹ́ náà fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà nípa ọ́ìlì tí 2AZ-FE ń mu. Wọ́n ní kí wọ́n kún ọ́ìlì dé àmì, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ rin máìlì 1,200, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 1,930, kí wọ́n sì wo iye tó dín. Tó bá ti lé ní quart kan, tí í ṣe nǹkan bíi lítà kan, kí wọ́n pààrọ̀ písítìn àti ríǹgì. Nígbà tó yá, wọ́n fa àkókò tí ilé-iṣẹ́ fi dúró fún àtúnṣe náà gùn fún Camry ti 2007 sí 2009 àtàwọn ọkọ̀ mìíràn.

Ohun tó fà á nìyí. Lára písítìn, ríǹgì ìsàlẹ̀ ló ń gbá ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Ọ́ìlì tó gbá náà gbọ́dọ̀ gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú písítìn padà sísàlẹ̀. Nínú písítìn àkọ́kọ́ tí wọ́n lò, àwọn ihò náà máa ń tètè dí. Èérún dúdú á lẹ̀ mọ́ wọn, ríǹgì á gan, ọ́ìlì á dúró sí ara ògiri, á sì jóná pọ̀ mọ́ epo. Kò jò sílẹ̀, ẹ ò sì ní rí àbàwọ́n lábẹ́ ọkọ̀.

Nígbà tí a tú tèmi, mẹkáníìkì náà pè mí pé, "Ọ̀gá mi, ẹ wá fọwọ́ kàn án." Ó fi písítìn kẹta lé mi lọ́wọ́. Mo fi àtàǹpàkò ti ríǹgì ìsàlẹ̀, kò mira. Mo tún tì í, ó le gbagidi bí ẹni pé wọ́n jó o mọ́ ibẹ̀. Mo wá àwọn ihò wẹ́wẹ́ náà títí kí n tó rí méjì. Písítìn àti ríǹgì tuntun tí wọ́n ti tún ṣe la fi sí i. Kí a tó tú u, ó ń mu lítà kan láàárín kìlómítà 1,500. Ní báyìí, tí mo bá rin kìlómítà 5,000, ohun tó ń dín kò ju kí n bu ife kékeré kan sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná pupa tó ní àwòrán ìkòkò ọ́ìlì. Kì í ṣe iye ọ́ìlì ló ń kà, bí ọ́ìlì ṣe ń tì nínú ẹ́ńjìnnì ló ń kà. Kó tó tàn, ọ́ìlì ti lọ débi pé pọ́ǹpù ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, béárì inú ẹ́ńjìnnì sì ti ń ha ara wọn. Tó bá ń ṣẹ́jú tí ẹ bá yà ní kọ́nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Géèjì nìkan ló ń sọ òótọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti sinmi bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àwọn ti 2002 sí 2006 ní tiwọn lọ́tọ̀. Wọn kì í sábà mu ọ́ìlì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó di tọ́ọ̀pù sílíńdà mọ́ búlọ́ọ̀kù máa ń tú. Mẹ́wàá ni nọ́ọ̀tì náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn, níbi tó kọjú sí àwọn tó jókòó nínú ọkọ̀, ni tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn, ìyẹn ìlà wẹ́wẹ́ inú ihò tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, máa ń jẹ nínú alumíníọ̀mù. Tọ́ọ̀pù á wá gbé sókè díẹ̀, omi rédíétọ̀ á máa jò lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú kì í dé, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Àbúrò mi ní ti 2004. Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá ha tọ́ọ̀pù, ó pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù, ó fi nọ́ọ̀tì padà sínú ihò tó ti jẹ, ó sì gba owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, omi tún ń jò níbi kan náà. Ẹnì kejì ló lu ihò náà fẹ̀, tó fi tẹ́rẹ́ẹ̀dì irin sínú rẹ̀ kó tó di tọ́ọ̀pù pa. Láti ìgbà náà, kò gbóná mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gáskẹ́ẹ̀tì nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ lára irú ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ ṣe sí tẹ́rẹ́ẹ̀dì.

Ìyókù kò le. Pọ́ǹpù omi máa ń jò tó bá pẹ́, ẹ ó rí àbàwọ́n tó gbẹ bí iyọ̀ lára rẹ̀. Gíà VVT-i lè hó fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì lówùúrọ̀. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń pẹ́, àyàfi tí ọ́ìlì bá ń jóná lé e lórí.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ tó ní in, ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́dọ̀ tutù. Ẹ fa géèjì, kí ẹ fi ọ́ìlì náà ra ìka méjì: tó bá ki ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ béèrè ìdí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí tọ́ọ̀pù ti pàdé búlọ́ọ̀kù, kí ẹ wá àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ fi ìka sínú ẹnu sàlẹ́ńsà. Èérún tó gbẹ kò burú, èyí tó ń yọ̀ bí ọ̀rá ni kẹ́ ẹ sá fún.

Ìwé kékeré kan wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù mi tí mo ń kọ kìlómítà àti ọ́ìlì sí. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: kìlómítà 241,300, ọ́ìlì wà lókè àmì, n kò fi nǹkan kan kún un.