Ẹnjiníà géèmù ní Queen Cinema: ọwọ́ ẹ̀ mọ́, ẹnu ẹ̀ ò mọ́

"Brọ̀dá, irú èyí kì í bàjẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ṣé ẹ ò ní stabilizer nílé ni?"

Ọ̀rọ̀ tí ẹnjiníà kan sọ sí mi ní Queen Cinema, n'Íbàdàn, níbi tí mo ti gbé géèmù mi lọ tún ṣe nìyẹn, lójú gbogbo oníbàárà ẹ̀. Kò tíì mú screwdriver o. Orúkọ tó wà lára géèmù nìkan ló kà. Mi ò ní dárúkọ náà, torí mo mọ bí àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ ṣe máa ń gbèjà ẹ̀ kọjá ààlà. Ohun tó ń ṣe géèmù mi ò ju pé ó ń gbóná, fáànù á máa han bíi jẹnẹrétọ̀, tó bá ṣe díẹ̀ á kú pátápátá. Stabilizer sì wà nílé mi.

Ọmọkùnrin kan wà níwájú mi tó gbé ti ilé iṣẹ́ mìíràn wá. Ooru, ariwo, kó sì kú: àìsàn kan náà. Kí ni ẹnjiníà sọ fún ìyẹn? "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tà á, kó o lọ ra gidi." Inú bí mi débi pé mo fẹ́ palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ̀bi tọmọ yìí fi jẹ́ ti ilé iṣẹ́, tí tèmi wá jẹ́ tèmi. Xbox 360, géèmù Microsoft, ló kọ́kọ́ fà yọ. Kò parọ́: iná pupa mẹ́ta tó ń tàn lójú ẹ̀ di ìtàn, títí Microsoft fi sún wáráńtì àbùkù yẹn sí ọdún 3 ní July 2007, tí wọ́n sì ya owó tó lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Gbígbóná àti títutù lemọ́lemọ́ ló ń mú kí ojú ìsopọ̀ chip ẹ̀ là. Mo ní, "PS3, ti Sony, tó ń tan iná yẹ́lò kó tó kú ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn, ooru ni." Ọ̀gá, kí ni ti àkọ́kọ́?

Bó ṣe wá tú tèmi, ẹnu mi wọlé. Ó ya àwòrán géèmù sórí bébà funfun, ó ń to nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan síbi tó ti yọ ọ́. Eruku ọyẹ́ dí ojú fáànù pa. Thermal paste, ohun tí wọ́n ń fi sáàárín chip àti irin tó ń gba ooru lára ẹ̀, ti gbẹ, ó ń ya bíi ẹfun. Ó fi ATM tó ti kú họ ọ́, ó fi sípírítì nù ún, ó fi tuntun sí i, ó sì pe ọmọọṣẹ́ ẹ̀ kó wá wò ó dáadáa. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọmọọṣẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù títí, wọ́n ní àwọn ń dán an wò.

"Ẹ wò ó, eruku ni," ó ní. "Ẹ máa gbálẹ̀ yàrá yín."

Ó tú ti ọmọkùnrin yẹn náà: eruku kan náà, paste gbígbẹ kan náà. Ó ṣì ní àbùkù ilé iṣẹ́ ni. ₦15,000 ló gbà lọ́wọ́ mi, ₦20,000 lọ́wọ́ ìyẹn, torí tiẹ̀ "ṣòroó tú". Ọmọ náà ò jiyàn. Òun fúnra ẹ̀ ti gbà pé ohun tí òun rà ò dáa.

Géèmù mi ò gbóná mọ́, a ò sì gbọ́ ohùn fáànù.

Máàkì: 2 nínú 5. Àbúrò mi ń gbé tiẹ̀ lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kó fi téèpù bo orúkọ tó wà lára ẹ̀.