Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra lésà dáyóòdù: ẹ má fọkàn tán nọ́ńbà ara páálí

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ra lésà dáyóòdù, ìyẹn ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀ lésà, fún yàrá ìwádìí, fún ìtọ́jú eyín, fún yíyọ irun ara tàbí fún ìtọ́jú aláìsàn ni mo ń kọ ìkìlọ̀ yìí sí, nítorí pé olùtajà kan tí mo rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi àlòkù dáyóòdù ránṣẹ́ sí mi bíi tuntun, ó sì fi awò ojú tí kò lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni sínú páálí kan náà. Owó tó bá a lọ dùn mí, àmọ́ awò ojú yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé.

Ohun tí mo béèrè fún ni dáyóòdù tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ (òun ló ń pinnu àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) jẹ́ nànómítà 785, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ mìlíwáàtì 100, tí a fẹ́ lò nínú ẹ̀rọ Raman. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ni pé ó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan ṣoṣo sára èròjà, lẹ́yìn náà ni yóò wo bí àwọ̀ ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó padà wá ṣe yí padà, kí ó lè mọ irú èròjà tó jẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò bá dúró lójú kan, gbogbo àbájáde tí a bá kọ sílẹ̀ di irọ́.

Páálí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìwé àlàyé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ìwọ̀n tó dára lójú. Nígbà tí mo fi awò amúǹkan-tóbi wò ó, mo rí òjé gbígbẹ ní ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti jó o mọ́ ẹ̀rọ mìíràn rí kí wọ́n tó yọ ọ́. Wọ́n ti fi nǹkan ha nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara irin rẹ̀, ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀ kò sì bá ti inú ìwé mu. Mo dè é mọ́ irin tó ń fa ooru, mo mú un dúró sí ìwọ̀n Celsius 25, mo sì tan án. Nànómítà 791 ni ẹ̀rọ ìwọ̀n fi hàn, àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ mìíràn sì ń fò síwá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ni ooru máa ń sún ìgbì dáyóòdù irú èyí, ṣùgbọ́n kì í ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá nànómítà lọ fún ìwọ̀n Celsius kan, nítorí náà ooru kọ́ ló sún un tó nànómítà 6. Ìṣàn iná tó tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn dáadáa ti di ìlọ́po méjì èyí tí ìwé rẹ̀ sọ, àmì ọjọ́ ogbó dáyóòdù sì nìyẹn. Mìlíwáàtì 38 péré ló mú jáde.

Nígbà tí mo kọ̀wé sí olùtajà náà, ó ní iná ìgbéra ọwọ́ mi, ìyẹn iná mànàmáná tó máa ń kó jọ sára èèyàn, ló bà á jẹ́. Òótọ́ ni pé iná ìgbéra máa ń pa dáyóòdù, ìdí nìyẹn tí mo fi so ọwọ́ mi mọ́ ilẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n iná ìgbéra kì í ha nọ́ńbà irin, kì í sì í fi òjé sí ẹsẹ̀ dáyóòdù. Ó tún ní ọjà òun kò nílò irin tó ń fa ooru. Láti ọdún 1962 tí Robert Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Electric ti kọ́kọ́ jẹ́ kí dáyóòdù tan ìmọ́lẹ̀ lésà, nínú òtútù nitrogen olómi, ni ooru ti jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ọdún 1970 ni ó tó tàn láìdáwọ́dúró nínú ìwọ̀n ooru yàrá lásán. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún yín kò mọ ohun tó ń tà, tàbí ó mọ̀ ọ́n.

Ní ti awò ojú, ike aláwọ̀ ewé ni, kò sí ohun kankan tí a kọ sí i lára. Mo gbé e sí iwájú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀: mìlíwáàtì 38 wọlé láti iwájú, 21 jáde lẹ́yìn. Awò gidi gbọ́dọ̀ ní gígùn ìgbì tó ń dènà àti ìwọ̀n OD rẹ̀, èyí tó ń sọ bí ó ṣe ń dín ìmọ́lẹ̀ kù tó, lára. OD 5 túmọ̀ sí pé ẹyọ kan nínú 100,000 ló ń kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn wé ohun tí mo rí. Lésà tí agbára rẹ̀ ju mìlíwáàtì 5 lọ tí kò sì ju 500 lọ sábà máa ń wà ní ìpele 3B nínú ìpele ewu tí a pín lésà sí, èyí tí a kò gbọ́dọ̀ wò lójú rárá. Ní nànómítà 785, ojú kì í rí ju àmì pupa ṣíṣú kan lọ, torí náà èèyàn á rò pé kò lágbára, kò sì ní ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ẹyinjú ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan lórí awọ fẹ́lẹ́ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú. Awọ náà kì í mọ ìrora. Ó lè jóná láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀.

Olùtajà kan náà ń ta ẹ̀rọ ìyọrun «808» fún àwọn ilé ìtọ́jú. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tú ọ̀kan, kò sí dáyóòdù nínú rẹ̀, iná xenon tó ń bù yẹ̀rì ló wà níbẹ̀, tó ń tan oríṣiríṣi àwọ̀ pọ̀. Ìdí tí a fi ń lo nànómítà 808 tàbí 810 ni pé èròjà dúdú inú irun ń gbà á, ó sì ń wọlé jìn dé gbòǹgbò. Ara dúdú ní èròjà kan náà, nítorí náà àwọ̀ tí kò tọ̀nà tàbí agbára tí a kò wọ̀n lè jó awọ ara kí ó tó dé irun. «Wáàtì 2000» tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ iná mànàmáná tí ẹ̀rọ ń jẹ, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni iye joule (òṣùwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sára) tó ń bọ́ sórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, àti bí ìbùyẹ̀rì kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Ìwé ẹ̀rí FDA olóǹtẹ̀ wúrà tí olùtajà náà ń fi hàn kò ní láárí: FDA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú, kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ kì í sì í ṣe ìfọwọ́sí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ìdánwò dáyóòdù tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ara irin mu, kì í ṣe ìwé gbogbogbò. Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú páálí. Ẹ ra awò ojú lọ́tọ̀, lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Olùtajà náà ti yí orúkọ padà, àmọ́ àwòrán ọjà rẹ̀ kò yí padà: dáyóòdù kan lórí rúlà búlúù, àtàǹpàkò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti ra awò ewé yẹn, ẹ pa ẹ̀rọ náà lónìí, bí ẹ bá sì ń rí àmì dúdú kan tí kò kúrò lójú yín, ẹ tètè lọ rí dókítà ojú.