Ilé ọta Mauser 98 mi tí ìpẹtà jẹ: bí iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ ṣe rí lójú mi

Bí ìkarahun ọta bá ń há sínú ìbọn yín lẹ́yìn tí ẹ bá yìn ín tán, tó fi di pé ẹ ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọwọ́ bolt, irin tó ń sé ẹ̀yìn ọta pa, kó tó ṣí, ẹ má tíì bú ọta náà. Ẹ mú ìkarahun tó jáde sún mọ́ iná, kí ẹ sì fi èékánná ra á lára. Ti Mauser 98 mi, ìbọn gígùn àtijọ́ ti ilẹ̀ Jámánì, máa ń jáde pẹ̀lú kókó wẹ́wẹ́ lára, ojú kan náà ni wọ́n sì máa ń wà, nísàlẹ̀ èjìká ìkarahun. Tí ẹ̀tù bá gbiná, idẹ á wú, á lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọta, ìyẹn ihò tí ọta ń wọ̀ sí nídìí ọ̀pá ìbọn, á sì tún fà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè jáde. Níbi tí ìpẹtà bá ti gbẹ́ kòtò, idẹ á wọ inú kòtò náà lọ, á sì dì mọ́ ibẹ̀.

Ọta àtijọ́ ló sábà máa ń fa irú èyí. Ohun tó ń ṣáná nídìí wọn ní potassium chlorate nínú, tó bá sì jóná tán, iyọ̀ ló máa ń fi sílẹ̀ nínú ìbọn. Iyọ̀ yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Epo ìbọn kì í yọ́ ọ. Omi ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, pàápàá omi gbígbóná, kí ẹ tó wá nù ún gbẹ kí ẹ sì fi epo pa á. Ìbọn mi ti bàjẹ́ báyìí kó tó dé ọwọ́ mi.

Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ ni mo gbé e fún, ohun tó sì jẹ́ kí n máa yìn ín ni pé ó wọn ilé ọta náà dáadáa kó tó fi irin kan irin. Ó fọ ìpẹtà tó ṣeé fọ̀, ó ki kámẹ́rà tín-ín-rín bọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló yọ́ Cerrosafe kó lè fi mú bí inú ilé ọta ṣe rí. Irin rírọ̀ ni, ó ń yọ́ láàárín 70 sí 88 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò tiẹ̀ tó ooru omi tó ń hó. Ó fi àkísà dí iwájú, ó dà á sínú ilé ọta, nígbà tó dì ló tì í jáde. Cerrosafe máa ń súnkì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọrùn láti yọ. Á tún wú padà, tó bá sì tó wákàtí 1 lẹ́yìn tí wọ́n dà á, ìwọ̀n rẹ̀ á bá ti ilé ọta mu. Ó dúró de wákàtí yẹn kó tó gbé òṣùwọ̀n lé e. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí n kàn fi sáńpépà dán an. Dídán dára fún ìpẹtà ojú lásán. Kòtò tó jìn kò ní tipa bẹ́ẹ̀ lọ àfi tí ẹ bá ha gbogbo ògiri tó yí i ká dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilé ọta á sì wá fẹ̀ ju ọta lọ. Idẹ á wú kọjá bó ṣe yẹ, ó sì lè fàya. Nǹkan tó ń gbé iná àti agbára tó báyẹn sún mọ́ ojú èèyàn kò yẹ kéèyàn fi dánra wò.

Ọ̀nà tó mú ni pé kó gé ìdí ọ̀pá ìbọn, kó sún un sẹ́yìn, kó sì fi reamer, irin ẹlẹ́nu mímú tí wọ́n ń yí láti fi gbẹ́ ihò, gbẹ́ ilé ọta síwájú. Ó sì sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi kí n tó gbà. Ilé ọta 8x57, irú ọta tí ìbọn mi ń lò, fẹ̀ nídìí, ó sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ dé èjìká, láti bíi 11.9 mm sí bíi 10.95 mm. Nítorí pé ìdínkù yẹn kéré, bí wọ́n bá sún ọ̀pá ìbọn sẹ́yìn, irin tíntínní ni reamer ń rí gbẹ́ lára ògiri. Tẹ́ẹ̀dì Mauser 98, ìlà tí wọ́n fi ń yí ọ̀pá wọ ara ìbọn, jẹ́ 12 nínú ínṣì 1, ìyẹn ni pé ìyípo 1 jẹ́ bíi 2.1 mm. Ìyípo 2 ló gé, kí àmì ìfojúsùn lè padà sókè gẹ́lẹ́ sí ojú tó wà. Síbẹ̀, bíi 0.05 mm péré ni ìyẹn mú kúrò lára ògiri. Kókó tó wà lára Cerrosafe ló fi mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú kòtò mi kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀pá tuntun ni ì bá ní kí n rà, mi ò sì ní bá a jiyàn.

Nígbà tó parí, ó yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú mi: bolt tì lórí òṣùwọ̀n GO, irin tó yẹ kó tì lé lórí, ó kọ̀ jálẹ̀ láti tì lórí NO-GO, èyí tó gùn díẹ̀ jù ú lọ tí kò yẹ kó tì lé lórí. Ó de ìbọn náà mọ́lẹ̀, ó sì fi okùn fa á láti òkèèrè kí èèyàn tó gbé e léjìká.

Ní báyìí, ìka méjì ni mo fi ń ṣí bolt. Àmì fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ṣì wà lára ìkarahun, bó ṣe ti wí fún mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò há mọ́. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni igi ìdí ìbọn. Nígbà tí ọ̀pá sún sẹ́yìn, ó ń fún mọ́ igi, wọ́n sì ní láti ha inú igi náà. Kò sọ èyí fún mi ṣáájú, iṣẹ́ náà sì pẹ́ sí i nítorí rẹ̀. Ẹ bèèrè nípa igi kí ẹ tó fi ìbọn sílẹ̀.

Ẹ tún bèèrè bóyá chrome, irin líle tí wọ́n fi ń bo nǹkan kó má bàa pẹtà, wà nínú ilé ọta yín. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í bo ilé ọta ìbọn M16 wọn ní 1967 nítorí irú ìpẹtà yìí gan-an, lẹ́yìn tí ìkarahun há mọ́ ọ̀pọ̀ ìbọn lójú ogun ní Vietnam. Chrome le débi pé ó ń ba ẹnu reamer jẹ́. Bí ìpẹtà bá ti wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ra ọ̀pá tuntun.