Ṣáńpù tàbí kọndíṣọ́nà nìkan: èwo ni kí ẹ rà fún irun tí kò mọ rìláásà?

Ọjọ́ tí àbúrò mi fẹ́ bá mi dirun ni àṣírí tú. Ó ti fi ìrù ìyàrun la irun mi sí méjì, ó dúró díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Àǹtí mi, kí lẹ ń fi fọ irun yìí ná?” Mo ní kọndíṣọ́nà ni, ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mi ò ti fi ṣáńpù kàn án. Ó fi èékánná ha awọ orí mi lẹ́ẹ̀kan, ó na ìka náà sí mi lójú. Nǹkan funfun kan wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó rọ̀, ó ń yọ̀, bí ìda àbẹ́là tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ha kúrò lórí tábìlì. Kò sì tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí mo fọ irun ọ̀hún.

Nítorí náà, ẹ má retí pé màá dúró sáàárín gbùngbùn. Mo ti lo méjèèjì: oṣù mẹ́jọ lórí kọndíṣọ́nà nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní co-wash, àti ọdún méjì báyìí lórí ṣáńpù tí kò le. Ibi tí èkíní ti dáa ju èkejì wà, màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn jẹ mí lówó, ó sì jẹ mí ní sùúrù, ẹ ó rí i nínú ọ̀rọ̀ mi.

Kí ló tilẹ̀ lé mi kúrò nídìí ṣáńpù nígbà àkọ́kọ́? Èyí tí mo ń lò nígbà náà le jù ni. Bí mo bá fọ irun tán, tí mo fi ìka fà á, á máa dún kín-ín-kín-ín, bó bá sì gbẹ, á dà bíi kànìnkànìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣáńpù kankan kì í ṣe ọ̀rẹ́ irun wa, kí n dà á nù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Dípò kí n wá ṣáńpù mìíràn, mo fi gbogbo ṣáńpù sílẹ̀.

Ohun tó ń kù sórí lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán

Epo tó ń sun láti awọ orí kì í tètè rọ́nà dé ìsàlẹ̀ irun tó lọ́ bíi sìpíríǹgì. Nítorí náà, ìdí irun a máa lọ́ràá, ṣóńṣó rẹ̀ a sì gbẹ, lórí ẹnìkan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi ti ọjọ́ orí irun kún un. Irun ń gùn ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, tiwa tilẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀. Bí irun yín bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 24, ṣóńṣó rẹ̀ ti lo ọdún méjì ó lé nínú oòrùn, òógùn àti ìyàrun. Kò lè má gbẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó rí ṣóńṣó tó gbẹ, a ó wá máa tọ́jú gbogbo orí bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló gbẹ. Awọ orí ò sì sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Òógùn, ọ̀rá, awọ tó ti kú àti jẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wà lórí rẹ̀.

Ṣáńpù mọ ohun tó máa ṣe sí ìyẹn. Èròjà tó ń hó nínú rẹ̀ ní apá méjì: apá kan ń di ọ̀rá mú, èkejì ń di omi mú. Bí omi bá ti ń ṣàn lọ, ó ń wọ́ ọ̀rá lọ. Iṣẹ́ ti kọndíṣọ́nà yàtọ̀. A ṣe é kó lẹ̀ mọ́ irun ni. Àwọn èròjà bíi behentrimonium chloride àti cetrimonium chloride máa ń fà mọ́ irun bí ìgbà tí mágínẹ́ẹ̀tì bá rí irin, òun ló sì ń jẹ́ kí irun máa yọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Mi ò ní pé wọn ò lè fọ nǹkan kan kúrò rárá, wọ́n ń fọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí dimethicone (irú sílíkónì kan) bá wà nínú ìpara tí ẹ fi ń lọ́ irun, omi lásán ò ní tú u, kọndíṣọ́nà ò sì lágbára tó o. Ti òní á jókòó lé ti àná.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Ní nǹkan bí oṣù kẹta, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá da omi sí irun mi, á kóra jọ, á sì yí dànù bí omi orí ewé kókò. Èmi rò pé irun náà ló gbẹ. Mo fi ìpara kún un. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi lóru, mo ra òróró tí wọ́n ní ó ń mú irun hù. Ó ń yún sí i. Mo ra èyí tó dà bí yanrìn, tí wọ́n fi ń ha awọ orí, ó bó mi lápá kan ní ẹ̀yìn etí. Mo tún ra leave-in kẹta, ìyẹn ìpara tí wọ́n ń fi sí irun tí wọn kì í ṣan kúrò. Ẹ bá mi kà á: ohun mẹ́ta ni mo rà láti fi tọ́jú wàhálà tí ohun kan ṣoṣo dá sílẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè fọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ náà ò tilẹ̀ dúró lórí irun. Àsìkò yẹn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mékọ́ọ̀pù. Irorẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá ìdí irun níwájú orí mi, ó lọ títí dé ẹ̀bátí méjèèjì. Ta ni mo dá lẹ́bi? Fáńdéṣọ̀n. Mo fún àbúrò mi ní ti àkọ́kọ́, mo ra òmíràn. Irorẹ́ ò lọ. Mo ra ẹ̀kẹta, àwọ̀ rẹ̀ ò bá mi mu, ojú mi wá dà bíi ti ẹni tí wọ́n bu eérú sí. Mo ra concealer láti fi bo irorẹ́ mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí n ti wo ibi tí irorẹ́ náà wà dáadáa: kò sí lẹ́rẹ̀kẹ́, kò sí lágbọ̀n, bẹ́ẹ̀ gbogbo ojú ni mo ń fi fáńdéṣọ̀n pa. Ibi tí irun àti ojú ti pàdé nìkan ló wà. Ìpara orí ló ń bá òógùn ṣàn wá sí iwájú orí, bí mo bá sùn, ìrọ̀rí á tún fi pa mí lójú. Kì í ṣe àìsàn tuntun o. Láti ọdún 1970 ni àwọn dókítà awọ ara ti kọ̀wé nípa irorẹ́ tí ìpara irun máa ń fà níwájú orí.

Nígbà tí mo padà sí ṣáńpù, mo gba ìyókù fáńdéṣọ̀n àkọ́kọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi (ó ti lò ó ju ìdajì lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín). Òun ni mo ń lò títí irorẹ́ náà fi gbẹ, ó gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ohun méjì ni mo pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni mi ò fi mọ èyí tó ń dà mí láàmú. Bí ẹ bá fẹ́ dán nǹkan tuntun wò lórí irun àti lójú, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ tó mú èkejì.

Ẹni tí ìpẹ́pẹ́ funfun ti ń bọ́ lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó má tilẹ̀ dán kọndíṣọ́nà nìkan wò. Malassezia, irú olú tíntìntín kan tó máa ń wà nídìí ìpẹ́pẹ́ yẹn, wà lórí gbogbo wa, ọ̀rá awọ orí ló ń jẹ. Ẹ ò lè máa fi ọ̀rá sílẹ̀ fún un kí ẹ tún máa retí pé á lọ. Ṣáńpù tó ní ketoconazole nínú, oògùn tó ń pa irú olú bẹ́ẹ̀, ni ẹ máa wá, bí kò bá sì dẹwọ́ tàbí tí ibẹ̀ bá di egbò, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Ohun kan kù. Àwọn kan kì í ṣan co-wash kúrò tán, wọ́n ní kó di leave-in, kí wọ́n fi ṣọ́ owó ná. Èmi náà ṣe é. Ẹ wo ẹ̀yìn ike yín bí ẹ ó bá rí methylisothiazolinone, èròjà tí kì í jẹ́ kí nǹkan inú ike bàjẹ́. Láti ọdún 2017 ni European Union ti fòfin dè é nínú ìpara àti ohun mìíràn tí a ń pa tí a sì ń fi sílẹ̀ sára, torí ó ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn jà. Wọ́n ṣì gbà á láàyè, ní ìwọ̀n bíńtín, nínú ohun tí a ń ṣan dànù. Bí ẹ bá fi irú èyí sílẹ̀ sórí di ọ̀la, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín dé, lọ́jọ́ kejì tí ẹ fọ irun, kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ la irun, kí ẹ fi tíṣù funfun tẹ ojú ìlà náà. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ tíṣù ni ìdáhùn.

Àwọn yòókù, ní kíá

Rírọ̀: kọndíṣọ́nà ló borí. Mi ò lè jiyàn.

Títú irun tó ta kókó: kọndíṣọ́nà náà ni.

Irun tí wọ́n pa láró: ṣáńpù tó le a máa ṣí àró náà, kọndíṣọ́nà ṣe é jẹ́jẹ́.

Àkókò: wọ́n ní co-wash yá torí ìgbésẹ̀ kan ló ní. Wọn ò ka ìṣẹ́jú tí ẹ ó fi dúró lábẹ́ omi tí ẹ ó máa ṣan án.

Owó: ike co-wash kì í pẹ́. Irun tó bá ki, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, mẹ́rin ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ṣáńpù, ìwọ̀nba díẹ̀ ni, awọ orí nìkan ni ẹ ó sì fi í pa. Ohun tó ń hó tó ń ṣàn lọ ti tó fún ṣóńṣó irun.

Ohun tí ẹ máa kà lára ike

Bí wọ́n ṣe to èròjà, èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣíwájú. Àwọn tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n lè tò wọ́n bó ṣe wù wọ́n, nítorí náà òróró olówó iyebíye tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ síwájú ike lè jẹ́ ẹ̀kán kan.

Nínú ṣáńpù, ẹ wo ohun tó tẹ̀lé omi. Bó bá jẹ́ sodium lauryl sulfate tàbí ammonium lauryl sulfate, ó le. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ irun mi di kànìnkànìn. Bó bá jẹ́ sodium cocoyl isethionate, decyl glucoside tàbí cocamidopropyl betaine, ara irun yín á balẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí “sulfate-free” tó wà níwájú ike fi yín lọ́kàn balẹ̀ tán. Sodium C14-16 olefin sulfonate kì í ṣe sulfate lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń fọ nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn.

Nínú co-wash, ẹ wá èyí tó ní cocamidopropyl betaine díẹ̀ nínú. Èyí tí kò bá ní in tàbí irú rẹ̀, kọndíṣọ́nà lásán tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ni.

Ọṣẹ ìwẹ̀ ńkọ́? pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe ń kéré sí i ló ń kan sí i), máa ń wà láàárín 9 sí 10, ti awọ orí sì súnmọ́ 5.5. Ẹ jẹ́ kó dúró sí ara.

Àwòrán ìkòkò kékeré tó ṣí ìdérí, tí wọ́n kọ 12M sínú rẹ̀, túmọ̀ sí pé oṣù 12 ni ẹ ní láti ìgbà tí ẹ bá ṣí i.

Èwo ni kí ẹ wá rà?

Méjèèjì ló ní ẹni tó bá mu. Bí ẹ bá ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí tí ẹ ń ṣeré ìdárayá léraléra, tí ẹ gbọ́dọ̀ fi omi sí irun lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, co-wash yẹ yín ní àárín ọ̀sẹ̀. Bí irun yín bá wà ní gígẹ̀, tí ẹ kì í fi jẹ́ẹ̀lì tàbí ìpara tó wúwo sí i, ẹ lè lò ó kó sì tẹ́ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì nílò ṣáńpù lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ìyẹn ni pé ohun méjì ni ẹ ó rà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹyọ kan, tó ń fi ìpara sí irun, tó sì ń kun ojú, ṣáńpù tí kò le ni, pẹ̀lú kọndíṣọ́nà tó ti ní nílé láti fi pa ìsàlẹ̀ irun. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà ṣe gba àwọn tó ní irun bíi tiwa nímọ̀ràn.

Ike co-wash tí mo rà kẹ́yìn ṣì wà ní balùwẹ̀, ó kù ní ìdajì. Mo máa ń fi tú irun tó bá ta kókó, kí n tó da ṣáńpù sí i.